Aṣọ Àwòdì Lórí Okùn Màmá Viga

"Aṣọ yẹn ò ní wọ inú ilé mi."

Doña Eduvigis, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Viga, fi igi ìgbálẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà bí ọlọ́pàá tó ń dá ọkọ̀ dúró. Orí àtẹ̀gùn níwájú rẹ̀ ni Radhamés ọmọ rẹ̀ wà, géńdé ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, tó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó lè wọ ilé tí wọ́n bí i sí. Báàgì wà léjìká rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tó fọ́ àwo.

"Màmá, inú báàgì ló wà. Kò hàn síta."

"Mò ń gbóòórùn ẹ̀."

"Ebi ń pa mí, Màmá."

"Lọ jẹun lọ́dọ̀ àwọn Àwòdì tó gbà ọ́ síṣẹ́. Àbí òròmọdìyẹ nìkan ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀?"

Mirelys, ìyàwó Radhamés, kígbe láti ilé ìdáná. "Màmá, ẹ jẹ́ kó wọlé, ẹ jọ̀ọ́! Mangú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ti ń tutù!"

"Ta ló dá a dúró? Ọmọ mi ni, kó máa wọlé. Àlejò tó gbé sínú báàgì ni mi ò mọ̀."

Radhamés mí kanlẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, ó fi báàgì náà kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò. Adìyẹ méjì tó ń jẹ̀ nísàlẹ̀ igi náà sá lọ lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ni Màmá Viga wí. "Àwọn adìyẹ pàápàá mọ̀."

Ní San Pedro, ìlú wọn, ọmọ ìkókó kì í tíì sunkún tán tí wọ́n á ti fi fìlà ẹgbẹ́ Akàn dé e lórí. Ẹgbẹ́ Àwòdì ni ti Santo Domingo, olú-ìlú, àwọn tó máa ń fi ife ẹ̀yẹ wọn yangàn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dá béèsìbọ́ọ̀lù sílẹ̀. Àwọn Akàn yìí ni Radhamés ti ń jùbọ́ọ̀lù fún láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti kọ́kọ́ hù. Tí àsìkò ìdíje ilé bá ti parí, á lọ sí Amẹ́ríkà, sí àwọn ìlú kéékèèké tí Màmá Viga kò lè pe orúkọ wọn, tàbí Mẹ́síkò, títí dé Taiwan lọ́hùn-ún, á sì padà wálé pẹ̀lú ejìká tó ń rùn fún òróró ìpara.

Arọ́pò ni. Òun kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ eré. Tí àwọn yòókù bá wà lórí pápá, igun kan lẹ́yìn ọgbà lòun àti àwọn arọ́pò bíi tirẹ̀ máa ń jókòó sí, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa wo fóònù ara ògiri tí kóòṣì fi ń pè wọ́n. Tí fóònù bá dún, á dìde, á máa ju bọ́ọ̀lù kí apá rẹ̀ lè gbóná. Tí apá bá gbóná tán, fóònù á tún dún: jókòó, a ò nílò rẹ mọ́. Ìkòkò ọbẹ̀ kò gbóná kó sì tutù tó ọkùnrin yìí. Nínú gbogbo gbígbóná àti títutù yẹn, kò tíì ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn nínú ìdíje àṣekágbá rí. Ohun tó wù ú kó tó kú nìyẹn.

Lọ́dún yìí, àwọn Akàn tètè já kúrò nínú ìdíje. Àdúgbò sun odindi ẹlẹ́dẹ̀ kan láti fi dágbére fún un. Màmá Viga jó títí bàtà rẹ̀ fi já. Radhamés gba gbohùngbohùn, ó sunkún, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́, mo fẹ̀yìntì." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún. Òfin ìdíje ni pé àwọn ẹgbẹ́ tó kù lè ṣa ẹni tó bá wù wọ́n nínú àwọn tó ti já. Ta ló ṣa Radhamés? Àwòdì! Kó tó gbé ife kọfí sílẹ̀, ó ti dáhùn pé òun ń bọ̀. Ìgbà tó yíjú padà ló rí i pé ìyá òun ló dúró sẹ́yìn òun.

Ìjà dé nìyẹn. Kì í ṣe ìjà lásán, torí láti ìgbà tí Radhamés ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sẹ́ni tó ń fọ aṣọ tó fi ń ṣeré àfi ìyá rẹ̀. Afọṣọ ẹgbẹ́ ti bá a jiyàn títí, ó ti sú u. Ọwọ́ ni Màmá Viga fi ń fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọṣẹ cuaba, tó bá sì fọ̀ ọ́ tán, á fi àtàǹpàkò ya àgbélébùú sí ọrùn aṣọ náà. Bí Radhamés ṣe gbà pé òun ní apá ló ṣe gba ìfọṣọ yìí gbọ́.

"Gbé e fún ìyàwó rẹ," ni Màmá Viga wí nídìí oúnjẹ.

Mirelys fọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí Radhamés kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gun òkìtì tí ajùbọ́ọ̀lù máa ń dúró sí, onígi àkọ́kọ́, ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjá ògiri, ó lọ dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ìgbà kejì, bákan náà. Àwọn alátìlẹyìn Àwòdì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Amí Akàn."

"Ìfọṣọ ni," ni Radhamés ń tẹnu mọ́. "Ọwọ́ Màmá ni ò sí lára ẹ̀."

"Háà, ọṣẹ tèmi ni ò mọ bọ́ọ̀lù jù," ni Mirelys dá a lóhùn.

Màmá Viga kò dá sí i. Ó kàn béèrè pé, "Wọ́n ní wọ́n máa ń kọ orin ẹgbẹ́ wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé o bá wọn kọ ọ́?"

"Rárá o, Màmá."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Radhamés wú díẹ̀, bí ẹni tó fi súìtì pamọ́ sẹ́nu. Màmá Viga rí i, ó sì gbé ojú kúrò. Láti kékeré ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ti máa ń wú tí ọmọ náà bá ń tanni jẹ. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Mirelys kò mọ̀. Ta ni yóò sọ fún wọn? Irinṣẹ́ ìyá ni, kì í sì í fi yá ẹnikẹ́ni.

Màmá Viga búra pé òun ò ní fojú kan eré Àwòdì lórí tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń ṣeré, á sáré lọ yá iyọ̀ nílé Crucita, aládùúgbò rẹ̀, kò sì ní padà títí eré á fi parí. Iyọ̀ tó wà nílé wọn báyìí tó láti fi se màlúù.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, nígbà tí Radhamés ti lọ, Màmá Viga wọṣọ, ó gbé báàgì rẹ̀.

"Mò ń lọ sí olú-ìlú. Mo fẹ́ rí dókítà eyín."

"Eyín wo, Màmá?" ni Mirelys béèrè.

"Èyí tó ṣẹ́kù."

"Kí wá ni fèrè ń wá nínú báàgì yín?"

"Tó bá dùn mí, màá fọn ọ́n."

Ní pápá olú-ìlú, eré ti dé abala kẹsàn-án, ìkẹyìn. Àmì kan péré ni Àwòdì fi ń lé ẹgbẹ́ Akọmàlúù ti Santiago. Ó ku ẹyọ onígi kan kí wọ́n lé kúrò kí ife di tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn Akọmàlúù méjì ti wà ní ibùdó, wọ́n ń wá bí wọn á ṣe sá délé gba àmì. Báez, kóòṣì Àwòdì, wo igun arọ́pò. Ó ti lo gbogbo wọn tán. Ó ku Radhamés àti ọkùnrin tó ń tún koríko ṣe. Ó wo ọkùnrin koríko náà dáadáa, lẹ́yìn náà ló gbé fóònù.

"Radhamés! Tu ṣingọ́ọ̀mù ẹnu rẹ kó o tó jáde!"

"Mo ti tu ú, Kóòṣì."

Báez kò fẹ́ rí i kí ẹnikẹ́ni máa jẹnu lórí pápá òun, ó ní òun kì í da ewúrẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Akàn, láti kékeré, Radhamés kò gun òkìtì rí láì ki ṣingọ́ọ̀mù bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

Bó ṣe ń jáde ni pápá hó yèè: "Amí! Amí!" Tavárez ló dúró dè é pẹ̀lú igi, ọkùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ tó itan ẹlòmíì. Radhamés ju bọ́ọ̀lù iná, èyí tó máa ń yára bí ọta ìbọn. Tavárez tàsé. Ó wá ju bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn, èyí tí apá máa ń fì bí ẹni tó fẹ́ ju iná, àmọ́ tí bọ́ọ̀lù máa ń rọra bọ̀. Tavárez dúró dè é bí ẹni tó ti mọ àsìkò tí ọkọ̀ máa dé. Gbàà! Bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri! Ṣùgbọ́n ó fi díẹ̀ yà kọjá ìlà. Kò wọlé. Wọ́n kà á sí àṣìṣe kejì fún Tavárez. Ó ku ẹyọ kan kí wọ́n lé e kúrò.

Gbogbo pápá dákẹ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni fèrè kan ti dún, tí ohùn kan sì tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ, ọ̀dàlẹ̀! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì!"

Ìyá àgbà kan tó dé fìlà Akàn ló dìde láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún Àwòdì.

"Ìyá, kí lẹ ń bú u sí?" ni ọkùnrin kan bi í. "Tiwa ni!"

"Tiyín kẹ̀? Èmi ni mo bí i! Radhamés! Mílíìkì inú agolo! Ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ní!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Tavárez kò fiyè sí i. Ta ló ń fetí sí ìyá àgbà tó ń fọn fèrè? Ṣùgbọ́n Radhamés gbọ́. Ó ti ń ṣe kàyéfì láti kékeré bí ìyá rẹ̀ ṣe mọ̀ pé òun lòun mu mílíìkì inú agolo yẹn, nígbà tó ti nu ẹnu tónítóní. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ṣì wú. Bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́tàn, kò sì sí ṣingọ́ọ̀mù tó máa bò ó! Kì í ṣe ọṣẹ Mirelys, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ló ń tú àṣírí òun fún àwọn onígi. Olúwa ò!

Ulises, ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù fún un, fi ìka béèrè bọ́ọ̀lù iná. Radhamés mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fọn kàkàkí. Tavárez rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fara balẹ̀ dúró de bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́. Iná ló rí. Ìgbà tí igi rẹ̀ fi máa kọjá, bọ́ọ̀lù ti jókòó sọ́wọ́ Ulises.

Àwọn Àwòdì gba ife, wọ́n sì rọ́ lu Radhamés. Báez fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yẹn gan-an. Lábẹ́ òkìtì èèyàn, Radhamés ń wá ìyá rẹ̀ kiri. Màmá Viga ṣì wà lórí ìdúró, ó ń fọn fèrè, ó ń kígbe "Ṣíọ̀! Ṣíọ̀!", omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti yọ dáadáa kí Radhamés tó jí. Ó jáde lọ wo báàgì tó fi kọ́ igi máńgòrò bó ṣe máa ń ṣe. Báàgì ṣófo. Ó sáré yí ilé po.

Orí okùn lẹ́yìnkùlé ni aṣọ náà wà, ó mọ́ tónítóní, inú rẹ̀ ni wọ́n yí síta. Orúkọ Àwòdì wà nínú lọ́hùn-ún, ojú rírán nìkan ni aráyé lè rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni fìlà Akàn ti ń gbẹ. Màmá Viga jókòó sábẹ́ okùn, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Màmá, ẹ fọ̀ ọ́."

"Mi ò fọ aṣọ Àwòdì kankan. Òógùn ọmọ mi ni mo fọ̀. Aṣọ kàn wà nídìí ẹ̀ ni."

"Dókítà eyín ńkọ́?"

"Ó ní kí n padà wá."

Radhamés rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì í, ó mú ọ̀bẹ kan, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Àwọn Akàn pè nígbà tó o ṣì ń sùn," ni ìyá rẹ̀ wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n ní arọ́pò ò tó fún ọdún tó ń bọ̀. Mo ní o ti fẹ̀yìntì. Àbí?"

"Mo ti fẹ̀yìntì, Màmá. Ó ti parí. Ejìká yìí ò lè ṣe mọ́."

Màmá Viga kò wo ejìká. Kò wo ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló wò, ó wò ó dáadáa, ó sì tún padà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

"Mirelys!" ló kígbe. "Tó o bá ń lọ sọ́jà, bá mi ra ọṣẹ cuaba bọ̀. Rà á dáadáa o. Ọdún tó ń bọ̀ máa gùn."