Apá Ìràwọ̀ Tó Parẹ́

"Àbẹ̀ní, gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀," ni Pa Sámúẹ́lì wí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò gbé e kúrò. Ó ti di aṣọ àti bàtà Ìyìnolúwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú, sínú àpò, ó ku kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wọn ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nìyẹn: ọmọ tó bá kú ṣáájú bàbá rẹ̀, ẹrù rẹ̀ kì í pẹ́ nílé.

"Bùọ̀dá mi, kójú yín má baà máa rí i ni. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wa ló máa lò ó. Wọ́n á kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́."

Qaanitah, tí òun àti olóògbé jọ wà ní yunifásítì, fò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà! Gbogbo iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sí níbòmíràn."

"Iṣẹ́ wo?" Pa Sámúẹ́lì bi í. "Èyí tí kò jẹ́ kó máa sùn?"

Ọmọbìnrin náà tan kọ̀ǹpútà. Lójú rẹ̀, agbo ìràwọ̀ kan ń yí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo; láìpẹ́, apá méjì lọ́ jáde lára rẹ̀.

"Ibi tí ìràwọ̀ bá ti pọ̀ díẹ̀, sà, ó máa ń fa àwọn tó ń kọjá mọ́ra. Apá nìyẹn. Àmọ́ ìràwọ̀ kan kì í pẹ́ níbẹ̀. Ó dà bí ibi tí wọ́n bá ti ta kánópì dí ọ̀nà ládùúgbò yìí: ẹni tó há níbẹ̀ láàárọ̀ ti kọjá, èrò ṣì há."

Àwọn apá náà ṣá, wọ́n parẹ́.

"Ó tán?"

"Ó tán, sà. Àmọ́ ó ti da ìrìn àwọn ìràwọ̀ rú kó tó lọ. Ibi tó dà rú yẹn ni òmíràn ti ń yọ. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni Ìyìn ń wá."

"Ẹ ò rí i?" Àbẹ̀ní gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Pásítọ̀ náà sọ ọ́."

Pa Sámúẹ́lì kò wò ó. Látìgbà ìsìnkú tí òun kò lọ, nítorí bàbá kì í wo sàréè ọmọ, òmíràn yìí ni gbogbo ẹnu ń kó wá fún un. Ó kọjú sí Qaanitah.

"Èyí tó lọ ńkọ́? Ṣé òun náà máa ń padà?"

"Rárá, sà. Òun kọ́. Kì í padà."

"Ìwọ nìkan ni kò tíì purọ́ fún mi nínú ilé yìí."

Ó fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀. "Kò ní jáde. Ṣọ́ọ̀ṣì ò ní gbà á, ìwọ náà ò ní gbé e lọ. Ìwọ ni kó o máa wá ṣe iṣẹ́ náà níbí."

"Níwájú yín, sà?"

"Níwájú mi."

Àbẹ̀ní pòṣé. "Kẹ́ ẹ lè máa fọwọ́ ara yín họ egbò lójoojúmọ́?"

"Egbò mi ni." Ó fẹsẹ̀ ti àga kan sún mọ́ tábìlì. "Jókòó, Qaanitah. Bí omi bá bọ́ lójú mi, má wò mí. Iṣẹ́ ni kó o máa ṣe."