Oògùn Inú Agolo Bọ́tìnnì

Kọ́là ẹ̀wù ni télọ̀ kan ń rán lọ́wọ́ nígbà tí ìrora náà padà wá. Abẹ́ àyà ló ti mú un, níbi tó ti mú un tẹ́lẹ̀ gan-an. Àyà rẹ̀ já. Báyìí ni ti màmá rẹ̀ tó ti kú ṣe bẹ̀rẹ̀. Inú rírun lásán ni gbogbo ilé ń pè é, títí dókítà fi sọ pé jẹjẹrẹ ni.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà sọ fún télọ̀ pé kòkòrò kan ló wà nínú ikùn rẹ̀. Ó fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó sì kìlọ̀ pé kó lò ó tán, nítorí kòkòrò tí wọn kò bá pa tán máa ń padà wá. Ta ló gbọ́? Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ara yá gágá. Télọ̀ yìí kì í da nǹkan nù: ìrépé aṣọ, ààbọ̀ síìpù, gbogbo rẹ̀ ló ní ọjọ́ tí yóò wúlò. Ló bá kó oògùn ọjọ́ márùn-ún tó kù sínú agolo bọ́tìnnì. Ọlọ́gbọ́n ayé!

Ó gbé agolo náà sọ̀kalẹ̀, ó da bọ́tìnnì sórí tábìlì. Páálí oògùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí hóró kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń lọ aṣọ nídìí fèrèsé, gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Má bínú. Èmi ni mo lò ó."

"Ẹ lò ó ṣe kí ni?"

"Inú ló ń run mí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lo lò tí ara rẹ fi yá. Mo ní tèmi ò le tó tìẹ, pé márùn-ún á tó o."

"Ṣé ó wá tó?"

"Ó fi mí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wolẹ̀. "Láti ìjẹta, ìgbẹ́ mi ti dúdú kirikiri."

Ara télọ̀ tutù nini. Òun ló fọ aṣọ ibùsùn màmá wọn lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Ó mọ dúdú yẹn: ẹ̀jẹ̀ inú ni. Ó gbàgbé inú tirẹ̀ pátápátá. Ó dìde, bọ́tìnnì sì fọ́n ká ilẹ̀.

"Ẹ wọ bàtà yín. Ilé ìwòsàn là ń lọ báyìí."

"Kí la fẹ́ sọ fún dókítà?"

"Pé èmi ni mo fi oògùn náà pamọ́."