Ikùn Tí Kíákíá Kò Fọwọ́ Kàn

Kíákíá ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà ní yunifásítì tó ti ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Tó bá jókòó ti oúnjẹ, abọ́ rẹ̀ á ti ṣófo kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ tán. Ó ti wọ ọdún tó kẹ́yìn nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kan bẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa.

Wọ́n kó ẹ̀kọ́ sórí fóònù. Olùkọ́ wọn, obìnrin àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, á gbé ọmọláńgidi sínú abọ́ ńlá, á da aṣọ bò ó, á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níwájú kámẹ́rà. "Ẹ wò ó dáadáa. Orí máa ń le, ó máa ń rí roboto. Ìdí máa ń rọ̀." Kíákíá á tan fóònù sílẹ̀, á pa kámẹ́rà tirẹ̀, á máa fọṣọ lọ ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Màmá pè é. "Ọmọ mi, ilé yín ò jìnnà sí tèmi. Ọmọ mi obìnrin lóyún, ó sì ti gbà kí ẹ máa wá ní méjì-méjì, kí ẹ fọwọ́ kan ikùn òun. Ẹ ó bo imú, ẹ ó fọwọ́. Oyún inú fídíò ò ṣeé tẹ̀ wò o."

"Ẹ ṣeun, Mà. Àrùn yìí ló ń bà mí lẹ́rù."

Irọ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló lọ dirun lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò kàn rí ohun tó fẹ́ da ara rẹ̀ láàmú sí ni, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè orí fóònù ni wọ́n fẹ́ fi dán wọn wò. Ó dáhùn wọn, ó yege, kódà ó gbégbá orókè.

Nígbà tí ara tu aráyé, ó ríṣẹ́ sí ilé ìgbẹ̀bí kan. Ìyàwó awakọ̀ kan wá ṣàyẹ̀wò, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Kíákíá tẹ ikùn náà lókè, ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀. Ohun tó bà níbẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Agbẹ̀bí àgbà wà ní yàrá kejì, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti pè é.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kò séwu?" obìnrin náà bèèrè.

"Kò séwu rárá. Orí ọmọ ti wà nísàlẹ̀."

Lọ́jọ́ ìrọbí, ìdí ló kọ́kọ́ yọ. Kíákíá figbe ta. Agbẹ̀bí àgbà sáré wọlé, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dojú kọ iṣẹ́. Apá ọmọ ti há sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Kí wọ́n tó rí i fà jáde, iṣan apá náà ti ya. Ọmọ ké. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀.

Kíákíá lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọmọ. "Ẹ dákun. N ò mọ ohun tí mo fọwọ́ bà lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ fún yín pé mo mọ̀."

Obìnrin náà wo apá ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò pe ẹni tó mọ̀?"

Kíákíá dìde, ó jáde. Màmá tí ì bá lọ sunkún bá pàápàá kò sí mọ́. Àrùn náà ti mú un lọ kí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣí.

Láti ìgbà náà, tó bá tẹ ikùn aboyún tán, á bẹ agbẹ̀bí àgbà kó tún un tẹ̀, àwọn aboyún ìbáà máa kùn. Ó ti dá orí mọ̀ yàtọ̀ sí ìdí báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ awakọ̀ náà ti ń rìn, apá òsì rẹ̀ kò sì ṣeé gbé sókè tó ọ̀tún. Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, Kíákíá á wá nǹkan ṣe ní yàrá ẹ̀yìn títí wọ́n á fi lọ.