Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Búkà

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ṣí ìkòkò yẹn jàre! Àwọn alágbàṣe ti sọ̀kalẹ̀ láti òkè Màpó!"

Ohùn Ìyá Èjìdé oníbúkà ló ń dún láti iwájú búkà. Àwọn tí ń fọ́ òkúta fún gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń kọ́ sórí òkè ti pé síbẹ̀ bí ìjàlọ, kálukú ń na abọ́. Nínú ilé ìdáná lẹ́yìn, Àtọ́kẹ́ àti Kúlúsúmù, àwọn ọmọbìnrin tí ń bá a dáná, wo ara wọn lójú. Epo pupa tí wọ́n gbé kaná kí pupa rẹ̀ lè parẹ́ kò tíì tutù. Ọmọ kékeré ìlú Ìbàdàn pàápàá mọ̀ pé a kì í ṣí irú epo bẹ́ẹ̀ lójú iná. Ńṣe ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tòun tọmọrí rẹ̀, títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀.

"Ìyá, ó ṣì gbóná o!" ni Àtọ́kẹ́ ké.

"Ṣé epo tútù ni wọ́n fi ń dín dùndú níbi tí wọ́n ti bí ọ ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Èjìdé, àbí ẹ ń retí kí iṣu náà tún hù ni?"

Ẹ̀rín yẹn wọ Ìyá lára. "Kúlúsúmù! Ṣé ìwọ ni mò ń bá wí àbí ògiri?"

Kúlúsúmù fi àkísà di ọmọrí mú, ó sì ṣí i.

Iná bẹ́ sókè gbùà, ó kan páànù lókè. Ó lá ọwọ́ ọ̀tún Kúlúsúmù láti orí ìka dé ìgúnpá. Ìkòkò wà láàárín àwọn ọmọbìnrin méjèèjì àti ọ̀nà iwájú, èéfín dúdú sì ti bo gbogbo ibẹ̀. Wọ́n sáré sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n tì í, wọ́n fi èjìká gbún un. Kò mira.

Igi ìdáná ni Ìyá Èjìdé ní kí wọ́n tò tì í láti ìta. Ọjọ́ tí ó bá Gàfárù, ọmọ Òjé tó wà lára àwọn tí ń fọ́ òkúta, níbẹ̀ ló ti pa àṣẹ náà. Gàfárù ń gba dùndú lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́ lọ́jọ́ náà, dùndú ti bọ́ sínú abọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìka àwọn méjèèjì kọ̀, wọn kò fẹ́ fi ara wọn sílẹ̀. "Ààbò yín ni mò ń wá," ni Ìyá wí. "Iná kì í fún ọmọbìnrin lóyún. Ọkùnrin ló ń fún un."

Gàfárù yìí kan náà ló dá igbe Àtọ́kẹ́ mọ̀ láàárín ariwo. Ó fò yí ilé po, ó ń ju igi sọ́tùn-ún sósì bí ẹni orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Àtọ́kẹ́ ṣubú lé e láyà, Kúlúsúmù sì wó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn alágbàṣe da iyẹ̀pẹ̀ bo iná títí ó fi kú.

Ìyá Èjìdé sunkún lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi oyin pa ọwọ́ Kúlúsúmù, tí ó sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n bí ó ti nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ bá mi to igi yẹn padà."

Gàfárù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀. Ẹ̀mí ni."

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ tí mo torí rẹ tì í lo wá ń bẹ̀ mí kí n ṣí i?"

Gbogbo èrò búkà rẹ́rìn-ín. Bí ó ti ń bẹ̀ tó ni Ìyá ń rí i pé òun kò ṣìnà. Nígbà tí Gàfárù bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, Ìyá ní kí wọ́n yí òkúta kún igi.

"Àtọ́kẹ́ mi, jẹ́ ká lọ," ni Gàfárù wí lẹ́yìn ògiri ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Aṣọ òfì ni ìyá mi ń tà ní Òjé. Aṣọ kì í dáná sun ẹni."

Ọ̀rọ̀ tí Àtọ́kẹ́ ti ń fi etí ọkàn rẹ̀ gbọ́ lójú oorun nìyẹn! Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí Kúlúsúmù ń kérora lórí ẹní, ọmọ tí kò ní ìyá, tí kò ní baba, tí ó jẹ́ pé búkà yìí ni gbogbo ẹbí rẹ̀.

"Ta ni yóò wá dín dùndú lọ́la?" ni Àtọ́kẹ́ bi í.

"Ìyá Èjìdé ńkọ́?"

"Ojú wọn kò gba èéfín mọ́. Kúlúsúmù ni wọn yóò ní kó fi ọwọ́ òsì dín in." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ máa lọ. Ẹ má bínú sí mi."

Gàfárù gun òkè lọ, kò wẹ̀yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kúlúsúmù ní òun kò bẹ̀rù mọ́. "Iná kì í jó ẹni lẹ́ẹ̀mejì níbì kan náà," ni ó wí, bí ẹni tí ẹnì kan ti ṣèlérí fún. Ó wù Àtọ́kẹ́ kí òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó kàn gbé àpótí ìjókòó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò nídìí àáro, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà iwájú.

"Ibí ni kí o ti máa gba abọ́ àwọn alágbàṣe. Bí o bá gbọ́ ariwo mi, má wá bá mi o. Ìta ni kí o sá sí."

"Ìwọ ńkọ́? Òkúta ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ìró òkúta tí wọ́n ń fọ́ ń dún bọ̀ láti orí òkè, Àtọ́kẹ́ kò sì lè mọ èyí tí í ṣe ti Gàfárù nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ iná.