Ọkọ̀ Òfurufú Tó Yí Bí Òkòtó

Hàmdálátù gé ìtọ́kọ̀, ìyẹn abala tó ń darí ọkọ̀, kúrò nídìí ọkọ̀ òfurufú kékeré onífóòmù tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Yúnúsà, jọ ṣe ní Ṣàgámù. Ó wá fi fóòmù pẹlẹbẹ méjì-méjì sí ṣóńṣó apá rẹ̀, tí wọ́n ń là bí awẹ́ obì. Fíìmù tí wọ́n fi ya àyà ìyá wọn ní ọsibítù kí ó tó kú ló gé fi so wọ́n, torí pé ó ń tẹ̀, kì í kán. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà sùn gbalaja lójú òfurufú, kó yí bí òkòtó, kó sì tún jí.

"Kò lè jí," ni Yúnúsà wí lórí fóònù láti Kánádà. "Ilẹ̀ ni yóò yí lọ bá. Bó bá jí, fi fídíò ránṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò pè mọ́. Kó tó lọ sí Kánádà, ẹ̀gbẹ́ Hàmdálátù ló máa ń dúró sí tí yóò máa pariwo, "Ó ń tẹ̀ sósì!"

Lọ́jọ́ Àìkú, Hàmdálátù gbé ọkọ̀ náà gun ọ̀kadà lọ sí pápá iléèwé kan ní Ìròlú. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di rìmóòtù tó ń darí ọkọ̀ òfurufú náà mú. Ta ni yóò mú fóònù ya fídíò? Ìyá àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Moríyọ̀ ló rí, tó ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko. Hàmdálátù kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọjú fóònù yìí sí ọkọ̀ yẹn."

"Ọmọ tí mo bí ò rán mi níṣẹ́ báyìí rí." Ṣùgbọ́n ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó gba fóònù. "Ta ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sẹ́nìkankan, mà."

"Ó mà ṣe o."

Ọkọ̀ gòkè títí ó fi kéré bí àwòdì. Hàmdálátù gbé imú rẹ̀ sókè, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó la awẹ́ òsì. Ọkọ̀ sùn gbalaja, ó ń yí, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Nígbà tó kù bí ìwọ̀n gíga ọ̀pẹ kan kó kanlẹ̀, ó la awẹ́ ọ̀tún. Yíyí náà dúró gbọn-ín. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì fò lọ tààrà.

"Ó jí o! Ó jí!" Ìyá Moríyọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Fóònù ti bọ́ sínú koríko.

"Tún un ṣe," ni ìyá náà wí.

"Bátìrì ọkọ̀ náà ti tán, mà."

Ẹsẹ̀ Ìyá Moríyọ̀ àti ẹ̀gẹ́ nìkan ló wà nínú fídíò náà. Hàmdálátù fi ránṣẹ́ sí Yúnúsà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Yúnúsà fèsì: "Ẹsẹ̀ ta nìyí?"

Hàmdálátù kọ ọ̀rọ̀ gígùn, ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Ó jí, bọ̀dá mi."

Yúnúsà fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè ránṣẹ́. Kò bi í pé báwo ló ṣe jí.