Orúkọ Karùn-ún Lára Ògiri Òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, òfófó ilé ara mi ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ pé ẹnu mi ló ti jáde.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ òkúta ni baba àwọn ọmọ mi ń ṣe. Òun ló ń gbẹ́ orúkọ òkú sára sàréè. Lọ́dún tó kọjá, àwọn káńsù ní kó wá gbẹ́ orúkọ gbogbo àwọn tó ti ṣolórí orílẹ̀-èdè wa sára ògiri kan tí wọ́n mọ síwájú ọgbà ìgbafẹ́. Inú wa dùn, àfìgbà tó tú ìwé tí wọ́n fún un, tó rí i pé Baba Ẹ̀rín ló ṣìkarùn-ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré, a máa ń pè é bẹ́ẹ̀ torí kò sí fọ́tò ẹ̀ kan tí kò ti rẹ́rìn-ín. Ìgbà tiẹ̀ làwọn sójà wá mú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi níbi iṣẹ́, tá ò rí i mọ́ di òní. Bàtà ẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló kù sílẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ọkọ mi ni bàtà yẹn wà.

Ọ̀dọ̀ wa ni Màmá ń gbé. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ etí wọn, ẹ má dán an wò. Wọ́n gbọ́ orúkọ tó wà nínú ìwé yẹn, wọ́n ní kí ọmọ wọn wá jókòó.

Ọkọ mi ní, “Màmá, òun ló kọ́ ọsibítù tí wọ́n ti gba ẹ̀mí ọmọ mi là.”

Màmá ní, “Òun náà ló kọ́ ibi tí wọ́n mú ọmọ tèmi lọ. Ṣé wọ́n máa kọ ìyẹn náà síbẹ̀? Ọjọ́ tí mo bá rí orúkọ yẹn, n ò ní sun ilé ẹ mọ́.”

Ọkọ mi gbẹ́ gbogbo orúkọ tó kù tán, ó fo ẹyọ kan yẹn, ògiri wá dà bí ẹnu tí eyín iwájú ti yọ. Àwọn káńsù ní tí kò bá ṣe é, àwọn á pe ẹlòmíì.

Èmi ni mo dá a lábàá, kí n má purọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ fáwọn oníbàárà pé lẹ́tà tí kò bá jinlẹ̀, òjò ló máa jẹ ẹ́. Mo ní, “Bàbá wọn, ẹlòmíì á gbẹ́ ẹ jinlẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kàn ha á lórí, kí òjò bá wa nù ún.”

Ó gbé irinṣẹ́ ẹ̀, ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣàlàyé fún Màmá, wọ́n ní ká gbé oúnjẹ wá. Mo rò pé ó ti tán.

Àwa méjèèjì gbàgbé ọ̀dà. Iṣẹ́ sàréè ò kí ń gba ọ̀dà, kò sí lọ́kàn ọkọ mi rárá. Àwọn akunlé káńsù kó ọ̀dà aláwọ̀ wúrà dé. Nínú lẹ́tà tó jinlẹ̀, ọ̀dà wọlé lọ, ó sá pamọ́, ó ku ìlà tín-ín-rín. Ti Baba Ẹ̀rín ò ríbi gbà á, ló bá kún bò ó, ó tàn kọjá etí lẹ́tà, ó sanra débi téèyàn fi lè kà á lókèèrè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ògiri yẹn, Màmá ní àfi káwọn lọ. Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n ń wá orúkọ tí ojú wọn lè kà. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú tèmi.

Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí.”

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé bàtà yẹn, wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi obìnrin. Wọn ò tíì padà.

Gbogbo ìgbà tí òjò bá ń rọ̀, ọkọ mi á mú agbòjò, á ní òun ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ìdí ògiri yẹn ló ń lọ. Tó bá dé, n kì í bi í. Kò tíì bá mi wí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin lẹ wà nípò mi lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ̀ bá sọ fún un?