Káńsẹ́lọ̀ Tó Mọ Orúkọ Gbogbo Ọmọ

Bí ẹ bá bímọ ní Nyanya láàárín ọdún 1987 sí 1990, tí Màmúdù télọ̀ kò sì wá síbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ẹ lọ wádìí ara yín wò, ó ní ohun tí ẹ ṣe. Kò sí ìkómọ tí kì í dé. Á ti débẹ̀ kí lemọ́mù tó dé, á gba ọmọ mọ́ra, á pè é lórúkọ, kò sì ní gbàgbé orúkọ náà mọ́ láé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ní 1987 la yàn án ní káńsẹ́lọ̀, láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó tún pè é ní télọ̀ mọ́, àfi èmi nìkan nígbà tí inú bá ń bí mi.

Inú sì máa ń tètè bí mi. Bùsàrí lorúkọ mi, Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ táyà lílẹ̀ ni mò ń ṣe lẹ́bàá títì Keffi, nínú ìsọ̀ onípáànù kan tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Ẹni tó bá ń fẹ́ táyà nínú oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, sùúrù rẹ̀ kì í pọ̀.

Nígbà tí oṣù kọkànlá ọdún 1990 fi máa pé, ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Màmúdù fẹ́ padà síbẹ̀. Tíṣà Fèyí, obìnrin Ìjẹ̀ṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, ní òun náà fẹ́ ẹ. Ìbò ọjọ́ náà kì í ṣe ti inú àpótí o. Ìjọba ní kí oníkálukú lọ tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó bá fẹ́, ní gbangba, lójú oòrùn, kí wọ́n máa ka orí wa bí ẹni ka ewúrẹ́. Bí o bá jẹun nílé ẹnì kan lánàá, tí o lọ tò sẹ́yìn ẹlòmíràn lónìí, yóò rí ọ, ìyàwó rẹ̀ yóò rí ọ, àna rẹ̀ tó wá kí i láti ilé pàápàá yóò rí ọ.

Ìtìjú yìí ló mú kí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá Nyanya pinnu pé a ó jọ tò sẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo. Bàbá Ọládùnjoyè, alága wa, ní kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí Màmúdù ti ṣe ná. Màmúdù fúnra rẹ̀ ti ka mẹ́rin fún ìpàdé: afárá orí gọ́tà tó wà lẹ́yìn mọ́sáláásì, òrùlé ilé ìwé, ọ̀nà ọjà, àti omi ẹ̀rọ tó ní ó kù díẹ̀ kó dé. Wọ́n ní kí èèyàn méjì lọ fojú rí i. Wọ́n mú èmi nítorí ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú mi, wọ́n sì mú Àlájà Àlímátù, oníṣòwò aṣọ láti Ìlọrin, nítorí òun kì í sọ̀rọ̀ rárá.

N kò ní purọ́, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí a tó jáde nílé. Ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, katapílà wá wó àwọn ìsọ̀ ẹ̀bá títì. Wọ́n wó ti ọwọ́ ọ̀tún mi, wọ́n wó ti ọwọ́ òsì. Màmúdù ló sáré dé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó dúró síwájú katapílà, ó ní kí wọ́n gba orí òun kọjá. Wọ́n padà. Ìsọ̀ yẹn ló ń bọ́ èmi, Mùlíkàt ìyàwó mi, àti ọmọ márùn-ún. Ta ló tún fẹ́ kí n tò sẹ́yìn rẹ̀?

A bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá. Mo fò lé e lẹ́ẹ̀mẹta, kò mì. Inú mi dùn. Nígbà tí a dé ilé ìwé, páànù bo ìdajì, ojú ọ̀run ló bo ìdajì yòókù. Mo bi Ràdíátù tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ pé báwo ni káńsẹ́lọ̀ wa ṣe ń ṣe sí.

Ó ní, "Ó dáa púpọ̀. Nígbà tí mo bí ìbejì, òun ló rán aṣọ ìkómọ wọn, kò gba kọ́bọ̀."

"Òrùlé ni mò ń bèèrè."

"Ẹ̀n-ẹ́n, òrùlé." Ó gbójú sókè wò ó. "Òjò máa ń pa wọ́n o."

Bákan náà ló rí lọ́nà ọjà. Ẹrẹ̀ omi ìdọ̀tí mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀, àmọ́ ìyá oníṣu tí a bá níbẹ̀ ní kò sí káńsẹ́lọ̀ tó dà bí ti wa, pé nígbà tí ìyá òun kú, ó sunkún ju òun ọmọ olóòkú lọ. Mo ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Àlájà kàn wò mí.

Ó wá ku omi. Ní ọgbà kan lápá Karu, a bá páìpù rẹpẹtẹ nínú koríko, ewúrẹ́ ti bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́dẹ ọgbà náà, ọkùnrin Gwari kan tó fara balẹ̀, kí wa ní sànnu, a dáhùn. Mo bi í pé kí ló dé tí páìpù kò tíì wọlẹ̀.

"Kai, Oga, e don reach two years," ó ní. "Dem don clear road finish. Remain one vulcanizer him shed. Councillor say make nobody touch am, say na him friend."

Katapílà tí mo rò pé ó wá fìyà jẹ wá, ọ̀nà omi ló wá là. Àwọn aládùúgbò mi ti pàdánù ìsọ̀ wọn, omi kò sì dé, nítorí tèmi nìkan.

Àlájà sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Mùlíkàt ńkọ́, ibo ló ti ń pọnmi?"

"Odò ni, mà."

"Ìgbà wo ló ń jí lọ?"

"Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "N kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni wọ́n ní kó o sọ̀rọ̀."

Nígbà tí mo délé, Mùlíkàt ń di irun rẹ̀. Àárín orí rẹ̀ ti pá níbi tí ó máa ń gbé garawa lé. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí orí yẹn, n kò wò ó rí. Ojú tì mí gan-an. Mo bi í pé bí wọ́n bá wó ìsọ̀ mi ńkọ́.

"Ẹ ó kan òmíràn síbòmíràn," ó ní. "Ṣé táyà kò lè yí ni?"

Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ̀bá títì ni àwọn dírẹ́bà ti mọ̀ mí. Bí mo bá wọ inú àdúgbò lọ, mélòó ni yóò wá mi dé ibẹ̀? Àníyàn ìyẹn ni mo gbé lọ sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Màmúdù jókòó síwájú, ó gbé ọmọ ọlọ́mọ kan lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo dìde. "Afárá dára. Òrùlé ku ìdajì. Wọn kò tíì fọwọ́ kan ọ̀nà ọjà. Omi ti yẹ kó dé láti ọdún méjì, ìsọ̀ mi ló dí i lọ́nà."

Màmúdù rọra gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀.

"Bùsàrí, nítorí tìẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Mo mọ̀. Ọlọ́run á san án fún ẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la yàn ẹ́, èmi nìkan lo ṣe é fún. Ó yẹ kó o bi mí."

"Ká ní mo bi ẹ́ ńkọ́?"

"N bá bú ẹ ní ọjọ́ kìíní," mo ní. "Ní ọjọ́ kejì, n bá tú páànù."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀ títí ó fi sú Bàbá Ọládùnjoyè, ó ní kí oníkálukú lọ tò síbi tí ọkàn rẹ̀ bá gbé e lọ.

Lọ́jọ́ ìbò, Màmúdù fúnra rẹ̀ ló dúró ti àwòrán rẹ̀ ní pápá ilé ìwé, iwájú rẹ̀ gan-an ni mo sì ní láti gbà kọjá.

"Bùsàrí, ìlà mi nìyí o."

"Mo rí i," mo ní, mo kọjá. Mo lọ tò sẹ́yìn àwòrán Tíṣà. Orí mọ́kàndínlógún ni Tíṣà Fèyí fi borí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí Tíṣà fi wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi orúkọ àkọ́bí mi pè mí, ó ní, "Bàbá Mùnírátù, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀túnla ni wọ́n máa gbẹ́lẹ̀ páìpù." N kò bẹ ẹnikẹ́ni kó wá ràn mí lọ́wọ́. Àwọn tí mo bá jà nípàdé ń bínú sí mi, àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ wó ìsọ̀ tiwọn kò sì jẹ mí ní gbèsè àánú. Mo gun orí ìsọ̀ mi, mo ń fa ìṣó yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń bú ìṣó.

Mo gbọ́ tí àkàbà mì. Màmúdù ló ń gùn ún bọ̀, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó mú òòlù dání. Kò kí mi, èmi náà kò kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgun kejì. Ẹkún gbọ̀n mí débi pé mo ní láti bú u, mo ní ó di òòlù mú bí ẹni di abẹ́rẹ́. Ó tú páànù kan, ó tú èkejì, ó tò wọ́n léra dáadáa kí wọ́n má bàa tẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Ibo la máa kàn án sí?"